Àgádágodo àti Ọmọ Rẹ̀: Èrò Lórí Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ fún Ìwọlé Aláàbò Sínú Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó máa wà lọ́kàn gbogbo ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tuntun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mú dé. Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣa èdè-ìperí Yorùbá jọ, tí ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ sì jáde ní 1984, àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ kò ṣàjèjì sí olùkọ́ kankan mọ́: fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, àpèjúwe, ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, àyálò láti èdè mìíràn, àti yíyá ọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀ka-èdè. Ohun tí kì í sábà hàn síni ni pé ọ̀rọ̀ tí kò bá ilé mu lè ṣe ju kí ó máa dún gọ́gọ́gọ́ létí lọ. Ó lè mú kí ẹni tí ó gbọ́ ọ ṣe òdì ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

Àpẹẹrẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn atúmọ̀ èdè ti fẹ́ máa lò fún ohun méjì tí ènìyàn fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó wà ní òkèèrè láìsí ewu. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, "kọ́kọ́rọ́" ni orúkọ àwọn méjèèjì: ọ̀kan jẹ́ ti gbogboogbò, èkejì jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀. Bí àwọn kan ti gbé e wọ inú Yorùbá gẹ́lẹ́ náà nìyẹn: "kọ́kọ́rọ́ gbogboogbò" àti "kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀". Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá ti ní orúkọ tí ó sàn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fún àwọn nǹkan méjì náà, èyí tí í ṣe àgádágodo àti ọmọ àgádágodo. Èkejì ni pé kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí di àmúlò kí wọ́n tó dán an wò lẹ́nu àwọn tí kì í sọ ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́, pàápàá ní ilẹ̀ Òkun, ní Kàbà àti agbègbè rẹ̀.

2. Bí ìwọlé náà ṣe rí

Ẹni tí yóò sọ ọmọ lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ọmọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ìlú mìíràn a fi orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ gba orí wáyà ní gbangba, bí ẹni tí ó dúró ní ìta tí ó ń kígbe àṣírí rẹ̀ sí onílé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lúgọ sí ojú ọ̀nà lè gbọ́ ọ. Ní 1995, lẹ́yìn tí àwọn kan ti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ àwọn ènìyàn ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Tatu Ylönen, tí ó jẹ́ olùwádìí níbẹ̀, ṣe ètò tí wọ́n ń pè ní SSH. Ní 1999 ni àwọn tí ń ṣe OpenBSD gbé OpenSSH jáde fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, òun sì ni ó gbòde jù lónìí.

Ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1976, Whitfield Diffie àti Martin Hellman fi hàn nínú ìwé wọn pé ènìyàn méjì tí kò tíì pàdé rí lè bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ àṣírí ní ojú gbogbo ènìyàn. Ní 1977, Rivest, Shamir àti Adleman rí ọ̀nà ìṣirò kan tí ó mú un ṣẹ. Ìpìlẹ̀ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni pé ó rọrùn láti ṣe lọ síwájú, ṣùgbọ́n kò ṣe é tú padà, bí àgbàdo tí wọ́n ti lọ̀ di ògì kì í tún padà di hóró. Nọ́ńbà méjì ni ó ń ti inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n so mọ́ ara wọn. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Èkejì lè lọ káàkiri ayé, kò sí ohun tí yóò ṣe.

Nígbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, kì í fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ rárá. Inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni ó ti ń fi nọ́ńbà náà bu ọwọ́ lu ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ ti ìpàdé ọjọ́ yẹn nìkan. Onílé yóò wá fi nọ́ńbà ti gbangba, tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, yẹ ìbuwọ́lù náà wò. Bí ó bá bá a mu, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tí ó lúgọ sí ojú ọ̀nà kò rí ohun kan jí, nítorí pé ìbuwọ́lù tòní kò wúlò fún ọ̀la.

Iṣẹ́ tí ó wà fún ẹni tí ó fẹ́ ṣètò ìwọlé yìí kò pọ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo, ssh-keygen -t ed25519, ni yóò tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ed25519 ni orúkọ irú ìṣirò tí Daniel Bernstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011, tí OpenSSH sì tẹ́wọ́ gbà ní 2014. Kọ̀ǹpútà yóò béèrè gbólóhùn ìpamọ́, èyí tí yóò máa dáàbò bo nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ náà bí olè bá tilẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà lọ. Lẹ́yìn èyí, fáìlì méjì yóò jáde. Orúkọ ọ̀kan ni id_ed25519. Orúkọ èkejì ni id_ed25519.pub. Èyí tí ó ní .pub nídìí ni ènìyàn yóò mú lọ fún onílé. Èyí tí kò ní in kò gbọdọ̀ kúrò ní ibi tí ó wà.

Gbogbo ewu inú ọ̀ràn yìí ń bẹ nínú gbólóhùn méjì tí ó kẹ́yìn yẹn. Fáìlì méjì, orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà mẹ́ta péré ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí olùkọ́ bá tún wá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe àwọn méjèèjì, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò dì mú?

3. Ohun tí ó ṣe "kọ́kọ́rọ́ gbogboogbò"

Àbùkù mẹ́ta ni ó wà lára ọ̀rọ̀ yìí.

Àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ìtumọ̀. Kọ́kọ́rọ́, lọ́dọ̀ Yorùbá, ni ohun tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá ní kọ́kọ́rọ́ ní agbára àtiwọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ "kọ́kọ́rọ́ gbogboogbò", ohun méjì ni ó lè wá sí i lọ́kàn: kọ́kọ́rọ́ kan tí ó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, tàbí kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ará ilé jọ ń lò. Méjèèjì ni ó lòdì sí ohun tí nǹkan náà jẹ́, nítorí pé nọ́ńbà ti gbangba kò lè ṣí ilẹ̀kùn kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ronú dáadáa lórí ọ̀rọ̀ náà yóò bẹ̀rù láti fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí ó yẹ kí ó fún wọn. Èyí tí kò bá ronú yóò fún wọn ní méjèèjì, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n béèrè, kọ́kọ́rọ́ sì ni méjèèjì.

Ẹ̀kejì jẹ mọ́ àkọtọ́. Kọ́kọ́rọ́ àti kòkòrò kò jọra létí, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ bá ti kúrò lára wọn, "kokoro" ni méjèèjì ń jẹ́. Èyí kì bá tí jẹ́ nǹkan bàbàrà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ti máa ṣiṣẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti í fi àmì sí ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Àwọn kan sì ti ń pe àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà ní kòkòrò. Bí olùkọ́ bá wá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ pé "fi kokoro re ranse", ẹ̀fẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò di wàhálà.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ ìtumọ̀ èdè gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Àfiwé ni "kọ́kọ́rọ́" jẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kì í ṣe ara nǹkan náà. Nígbà tí Diffie àti Hellman lo ọ̀rọ̀ náà ní 1976, inú àṣà àwọn tí ń kọ̀wé àṣírí ni wọ́n ti mú un. Iṣẹ́ atúmọ̀ èdè ni láti gbé nǹkan náà wá, kì í ṣe láti ru àfiwé ẹlòmíràn wọ ilé tí kò bá mu.

4. Àgádágodo àti ọmọ rẹ̀

Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà rárá. Ohun tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn tàbí àpótí ni àgádágodo. Ohun tí wọ́n fi ń ṣí i ni ọmọ àgádágodo. Ẹnikẹ́ni ni ó lè rí àgádágodo lára ilẹ̀kùn, kódà ó lè fọwọ́ kàn án, ó lè gbé e wò. Kò sí ohun tí ó jèrè. Ọmọ rẹ̀ ni olówó ń so mọ́ ìdí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n fún òun ní ààyè nínú ilé kan lè mú àgádágodo tirẹ̀ fún onílé pé kí ó fi ti yàrá òun, kí ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ. Onílé kò ní ìdí láti rí ọmọ náà láéláé. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú SSH gan-an nìyí.

Ọ̀rọ̀ náà "ọmọ" ni ó jinlẹ̀ jù nínú orúkọ yìí. Kì í ṣe ọmọ bíbí nìkan ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) ọlọ – ọmọ ọlọ
(2) odó – ọmọ odó
(3) àgádágodo – ọmọ àgádágodo

Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ohun méjì ni ó wà tí iṣẹ́ wọn kò pé láìsí ara wọn. Èyí àkọ́kọ́ a dúró sí ojú kan. Èyí tí ń jẹ́ ọmọ ni ọwọ́ ń dì mú, òun ni ó ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò gbé ọlọ dípò ọmọ ọlọ nítorí pé orúkọ wọn jọra, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò ṣiyè méjì pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ètò orúkọ báyìí, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ní láti pe méjèèjì ní ohun kan náà, kí ó tó wá fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe yà wọ́n. Yorùbá kò nílò irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ láìfi àmì sí i, "agadagodo" kò jọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

5. Àwọn àtakò

Àtakò kan tí ó lágbára ni pé nínú ìṣirò, ọ̀dọ̀ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ni ti gbangba ti ń jáde. Ẹni tí ó bá sọ ti gbangba nù lè tún un ṣe láti ara ti ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó bá sọ ti ìkọ̀kọ̀ nù kò ní àtúnṣe. Nítorí náà, ẹnìkan lè wí pé ti ìkọ̀kọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìyá, kì í ṣe ọmọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ (1) àti (2) fi hàn pé "ọmọ" níbí kò túmọ̀ sí ohun tí a bí. Odó kọ́ ni ó bí ọmọ odó. Igi ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìbáṣepọ̀ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ.

Àtakò kejì ni pé àgádágodo kì í bu ọwọ́ lu nǹkan. Ó yẹ kí olùkọ́ gbà pé àfiwé kankan kò lè gbé gbogbo ẹrù. Síbẹ̀, ohun tí onílé ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá àgádágodo náà ṣí lójú òun, kì í ṣe bí ọmọ rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tí ó bá ti kọ́ èyí ti kọ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù, "ìbuwọ́lù" sì wà nílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ̀kọ́ bá jinlẹ̀ sí i.

Àtakò kẹta ni pé kí wọ́n kúkú yá "kíì" láti inú Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ti yá fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì. Àyálò kò burú níbi tí ilé kò bá ti ní nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí yóò tún gbé àbùkù àkọ́kọ́ padà wá, nítorí pé kíì méjì ni yóò tún jẹ́.

6. Ọ̀ràn ilẹ̀ Òkun

Ó lè dàbí ẹni pé ọ̀ràn àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti Èkó nìkan ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú àká tí àwọn ètò ìtọ́pa ẹ̀dà ń bójú tó ni iṣẹ́ lórí èdè ń gbé báyìí. Git, tí Linus Torvalds ṣe ní 2005, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn: ó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni bá ṣe sí ìwé kan, ó sì ń sọ ẹni tí ó ṣe é àti ọjọ́ tí ó ṣe é. Orí GitHub ni àwọn onímọ̀ tí ó ṣe MENYO-20k ní 2021, èyí tí ó ní gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì 20,100 tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbé e sí. Láti 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 sì ni GitHub kò ti gba ọ̀rọ̀ ìpamọ́ lásán mọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ fi Git gbé iṣẹ́ wọlé. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kó àwọn ọ̀rọ̀ Owé, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀ jọ sínú irú àká bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ọ̀ràn àgádágodo yìí. Bí ọmọ rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, onítọ̀hún lè yí ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá padà ní orúkọ olùkọ́ náà, kí ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ewu yìí kò mọ ọ̀gá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, GitHub pàápàá ní láti pààrọ̀ ọ̀kan nínú ọmọ àgádágodo tí ó fi ń fi ara rẹ̀ hàn fún àwọn àlejò rẹ̀, nítorí pé ó ti hàn fún ìgbà díẹ̀ nínú àká kan tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè wọn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Kàbà tí wọ́n fi Yorùbá tí kò yé e ṣe àlàyé Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e?

Ìtàn sì ti fi hàn pé wọ́n máa ń gbàgbé ilẹ̀ Òkun nígbà tí wọ́n bá ń pín ìwé. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní 1955, abẹ́ ìjọba Àríwá, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Kaduna, ni Kàbà wà. Ní 1967 ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n wá ń pè ní Kwara. Ní 1991 ó bọ́ sí Kogí. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ Akinkugbe ní 1978 ti fi hàn pé àwọn ẹ̀ka-èdè ìlà-oòrùn àríwá yìí jẹ́ ẹgbẹ́ kan tí ó dá dúró láàrin Yorùbá. Yorùbá àjùmọ̀lò tí ó wà nínú ìwé jẹ́ ohun tí ọmọ Òkun ń kọ́ ní ilé-ìwé, kì í ṣe ohun tí ó bá lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ èyíkéyìí tí yóò fọwọ́ sí èdè-ìperí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ mú àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ sí Kàbà, sí Mọ̀pà, sí Ìsánlú àti sí Ẹ̀gbẹ̀. Ìdánwò náà kò le: kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì fún akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n má ṣe àlàyé, kí wọ́n sì béèrè èyí tí yóò fún àlejò nínú méjèèjì àti èyí tí yóò fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mú kí púpọ̀ nínú wọn dáhùn bí ó ti yẹ ni ó yege. Bí àwọn ará Òkun bá ní ọ̀rọ̀ tiwọn tí ó sàn ju àgádágodo lọ, kí àgádágodo yẹra fún un.

7. Ìgúnlẹ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí ń dá lábàá nìyí, kí àwọn olùkọ́ lè yẹ̀ wọ́n wò:

(4) àgádágodo – nọ́ńbà tí wọ́n ń fún onílé, tí gbogbo ayé lè rí
(5) ọmọ àgádágodo – nọ́ńbà tí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín
(6) gbólóhùn ìpamọ́ – ọ̀rọ̀ gígùn tí ó ń dáàbò bo ọmọ àgádágodo
(7) onílé – kọ̀ǹpútà tí ó wà ní òkèèrè, tí ó ń gba àlejò
(8) ìtẹ̀ka – àmì kúkúrú tí onílé fi ń fi ara rẹ̀ hàn, tí àlejò gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí ó tó dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà àkọ́kọ́
(9) àká – ibi tí iṣẹ́ àti gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ wà

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Púpọ̀ nínú ihò tí aláǹgbá ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe àìmọ̀ ìṣirò ni ó dá a sílẹ̀, àìgbọ́-ara-ẹni-yé ni. Láti fi ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ dí ihò bẹ́ẹ̀ wà lára iṣẹ́ onímọ̀ èdè. Ẹni tí ó bá sì ní ọ̀rọ̀ tí ó dára jù ìwọ̀nyí lọ, ní Kàbà tàbí níbòmíràn, kí ó mú un wá kí gbogbo ènìyàn lè jọ gbé e yẹ̀ wò.